"Ẹ̀rù Ń Bà Mí" Kò Sọ Mí Di Ojo: Àríwísí Lórí Bí A Ṣe Ń Túmọ̀ Fòbíà

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ń mu ẹ̀kọ àárọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ ètò kan lórí rédíò, tí wọ́n fi èdè Yorùbá ṣe lórí ìlera ọpọlọ. Inú mi dùn, torí ó pẹ́ tí mo ti ń pariwo pé kí a máa fi èdè wa jíròrò irú nǹkan báyìí. Àmọ́ nígbà tí atọ́kùn ètò náà débi ọ̀rọ̀ fòbíà, gbólóhùn kan ṣoṣo ló fi túmọ̀ rẹ̀: "Fòbíà ni ìbẹ̀rù tí kò nídìí." Ó wá fi kún un pé ẹni tó bá ní in, kó ṣáà mọ́kàn le, kó má ṣe ojo. Mo gbé ṣíbí sílẹ̀.

Kí n tètè sọ ọ́: atọ́kùn yẹn kọ́ ni mo ń bá jà. Ohun tó sọ ló wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ wa, ó sì wà lẹ́nu èmi náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìtumọ̀ náà ni mo fẹ́ yẹ̀ wò. Àṣìṣe mẹ́ta ló wà nínú ọ̀rọ̀ tí kò gùn yẹn. Àkọ́kọ́ ni "ìbẹ̀rù" fúnra rẹ̀. Ìkejì ni "tí kò nídìí." Ìkẹta ni "ojo" tó tẹ̀ lé e, òun ló sì burú jù. Ẹ jẹ́ ká mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ wo gbólóhùn méjì yìí: "Ẹ̀rù ń bà mí" àti "Mo bẹ̀rù." Tí mo bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní túmọ̀ wọn sí Gẹ̀ẹ́sì, ó ṣeé ṣe kó kọ ohun kan náà sílẹ̀ fún méjèèjì. Nínú gírámà Yorùbá, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Nínú ti àkọ́kọ́, ẹ̀rù ni olùwà, èmi ni àbọ̀. Ẹ̀rù ló ń ṣe nǹkan, èmi ni ó ń ṣe é sí. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń sọ pé ebi ń pa mí, òùngbẹ ń gbẹ mí, oorun ń kùn mí, ojú ń tì mí. Nínú ti ìkejì, èmi ni olùwà. Èmi ni mo bẹ̀rù, mo sì lè fi àbọ̀ sí i: mo bẹ̀rù Ọlọ́run, ọmọ náà bẹ̀rù bàbá rẹ̀.

Àyẹ̀wò kan wà tí mo máa ń lò ní kíláàsì. Ẹ gbìyànjú láti pàṣẹ. "Bẹ̀rù Ọlọ́run!" Ó dáa, wọ́n ń sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní mọ́ṣáláṣí. "Má bẹ̀rù!" Ìyẹn náà dáa. Ó yá, ẹ fi "ẹ̀rù ń bà mí" pàṣẹ fún ẹnì kan ká gbọ́. Kò ṣeé ṣe, àbí? Ibi tí a lè dé ni ká ní, "Má jẹ́ kí ẹ̀rù bà ọ́." Níbẹ̀ náà, ẹ̀rù ṣì ni olùwà. Ńṣe la kàn ń bẹ ẹni náà pé kó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Mi ò sọ pé gbogbo ìgbà ni àwọn èèyàn máa ń ya méjèèjì sọ́tọ̀ lẹ́nu o. A máa ń gbọ́ "mo bẹ̀rù ejò" lójoojúmọ́, láìsí pé ẹnikẹ́ni jókòó pinnu rẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé "ìbẹ̀rù" ti ara "bẹ̀rù" jáde, ó sì gbé ìwà olùwà dání. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tó fi bá "ìbẹ̀rù Olúwa" mu tó bẹ́ẹ̀, torí ìyẹn jẹ́ ọ̀wọ̀, ó jẹ́ ohun tí èèyàn ń yàn láti ṣe. Tí a bá wá mú ọ̀rọ̀ yìí kan náà, tí a fi pe ohun tó ń gbá èèyàn mú láì bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀, a ti dá ẹni náà lẹ́bi kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Kí a tó kan àṣìṣe kejì, ó yẹ ká mọ ohun tí a ń sọ. Ẹ̀rù fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọ̀tá wa. Tí ẹ bá ń lọ sóko tí ẹ rí paramọ́lẹ̀ lójú ọ̀nà, àyà yín á já, ọkàn yín á máa lù kìkì, èémí yín á yára, kí ẹ sì tó ronú kan ohunkóhun, ẹsẹ̀ yín ti fò sẹ́yìn. Ẹ̀rù ló gbà yín là. Tí ejò bá ti lọ, ẹ̀rù náà á rọlẹ̀. Bákan náà, àgbẹ̀ tí kò lọ sóko mọ́ torí pé àwọn ajínigbé wà lọ́nà, kì í ṣe fòbíà ló ní. Orí rẹ̀ pé dáadáa. Ẹni tó bá ní kó lọ tọ́jú ọpọlọ rẹ̀ kàn bú u ni. Ọ̀nà ló yẹ kí wọ́n lọ tọ́jú.

Fòbíà yàtọ̀. Nínú DSM-5, ìwé tí ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà tẹ̀ jáde lọ́dún 2013, ẹ ó rí àwọn àmì tí wọ́n máa ń wò. Mẹ́ta nínú wọn ló kàn wá níbí. Èkíní, ẹ̀rù náà ju ewu tó wà níbẹ̀ lọ. Èkejì, ó ti pẹ́, ó máa ń tó oṣù 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀kẹta, ẹni náà ń sá fún nǹkan náà, tàbí kó máa fi ìnira ńlá fara dà á, débi pé ó ń da iṣẹ́ rẹ̀, ìlera rẹ̀ tàbí ìgbé ayé rẹ̀ rú. Nítorí náà, ẹni tí àyà rẹ̀ ń já díẹ̀ tó bá wà lórí afárá gígùn, tó sì ń kọjá lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀, ẹ̀rù ló ń bà á. Ẹni tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ torí pé kò lè gba orí afárá náà kọjá, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ti kúrò ní kékeré.

Ọ̀dọ̀ àwọn Gíríìkì ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Phobos ni ọmọ Ares, òrìṣà ogun wọn, orúkọ rẹ̀ sì dúró fún ẹ̀rù tó máa ń mú kí jagunjagun kẹ̀yìn sójú ogun kó sá. Ẹ di "sísá" yẹn mú; màá padà sí i. Lọ́dún 1871, oníṣègùn ará Jámánì kan, Carl Westphal, kọ̀wé nípa àwọn ọkùnrin tí wọn ò lè dá sọdá gbàgede ìlú. Ó pe ohun tó ń ṣe wọ́n ní Agoraphobie. Lédè Gíríìkì, ọjà ni wọ́n ń pè ní agora. Tí a bá túmọ̀ rẹ̀ ní tààràtà, "ìbẹ̀rù ọjà" ló máa dà, ìyá tó ń tajà ní Dùgbẹ̀ n'Ìbàdàn á sì bú sẹ́rìn-ín. Ọjà kọ́ ló ń da irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ láàmú. Ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù ni kí wọ́n há síbi tí kò ti ní rọrùn láti jáde, tí kò sì ní sí olùrànlọ́wọ́ tí ara wọn bá yí padà.

Orúkọ lásán lè ṣi ni lọ́nà. Láyé àtijọ́, àwọn Gẹ̀ẹ́sì máa ń pe àìsàn tí ajá tó sínwín ń kó ran èèyàn ní hydrophobia, ìyẹn "ìbẹ̀rù omi," torí pé ọ̀nà ọ̀fun aláìsàn máa ń fún pọ̀ tó bá fẹ́ gbé omi mì. Àwọn baba wa ò bá wọn sọ pé ìbẹ̀rù omi ni. Dìgbòlugi ni wọ́n pè é, etí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ Yorùbá á sì gbọ́ "lu igi" níbẹ̀. Ohun tí ojú wọn rí tí ajá náà ń ṣe ni wọ́n fi sọ àìsàn náà lórúkọ. Ìyẹn ni mo ń pè ní ìtumọ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ sí "tí kò nídìí." Gbogbo wa la mọ òwe yìí: ẹni tí ejò bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá. Ẹ wo bó ṣe jinlẹ̀ tó. Ekòló ò lè ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, nítorí náà ẹ̀rù yẹn ju ewu lọ, gẹ́gẹ́ bí ìwé àwọn oníṣègùn ṣe sọ. Àmọ́ òwe náà ò sọ pé kò nídìí. Ìdí náà wà níbẹ̀ gbangba, nínú ọ̀rọ̀ kékeré tó ń jẹ́ "rí," ìyẹn "bù jẹ rí." Ohun kan ti ṣẹlẹ̀ sẹ́yìn. Ẹ̀rù ejò ti ràn dé ọ̀dọ̀ ekòló.

Lọ́dún 1920, John Watson àti Rosalie Rayner ní Amẹ́ríkà gbìyànjú irú nǹkan yìí wò lára ọmọ ọwọ́ kan. Tí ọmọ náà bá ti fẹ́ fọwọ́ kan eku funfun, wọ́n á fi òòlù lu irin gbàgà lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó yá, tó bá rí eku náà lásán, á bú sẹ́kún. Ẹ̀rù náà sì ràn dé ọ̀dọ̀ ehoro. Ìwà ìkà gbáà ni, kò sì sí ilé ẹ̀kọ́ gíga tó máa fàyè gba irú rẹ̀ lónìí. Lọ́dún 1924, Mary Cover Jones ṣe òdìkejì rẹ̀. Ó rí ọmọ kan, Peter, tí ẹ̀rù ehoro ń bà. Bí ọmọ náà ṣe ń jẹ oúnjẹ tó fẹ́ràn, wọ́n ń gbé ehoro náà sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀, títí ọmọ náà fi ń fọwọ́ kàn án. Ìtọ́jú fòbíà lónìí ṣì ń tọ ipa ọ̀nà yẹn: kí ẹni náà máa sún mọ́ ohun tó ń sá fún, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú olùtọ́jú tó mọ iṣẹ́, kì í ṣe pé kí wọ́n tì í wọ inú rẹ̀ tipátipá.

Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ẹni tó ní fòbíà ò lè rántí bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Kéèyàn má rántí ìdí yàtọ̀ sí kí ìdí má sí. Tí a bá ti ní "kò nídìí," a ti pa ìbéèrè dé. A ò ní wádìí mọ́, ọ̀rọ̀ ò sì ní kan ìtọ́jú.

Àṣìṣe kẹta ló dùn mí jù, torí ọwọ́ tèmi náà ò mọ́ níbẹ̀.

Mo ní àbúrò ọkùnrin kan, ọmọ ìyá mi. Nígbà tí a wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àwọn tó ń gún abẹ́rẹ́ àjẹsára wá bá wa. Ó tò sórí ìlà bíi ti gbogbo wa. Nígbà tó kàn án, tí abẹ́rẹ́ wọlé, ó ṣubú lulẹ̀ gbì. Ó dákú. Nígbà tó jí, gbogbo ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń rẹ́rìn-ín. Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ pè é ní "Ojo-abẹ́rẹ́," orúkọ náà sì mọ́ ọn lórí títí tó fi jáde ìwé mẹ́fà.

Ọkùnrin yìí kan náà ló fi ọgbọ̀n ọdún gun òpó iná mọ̀nàmọ́ná, nínú òjò àti nínú oòrùn. Mo rí i lójú ara mi tó fi ọ̀pá pa ejò ńlá kan nínú pálọ̀ wa, nígbà tí èmi Ọ̀jọ̀gbọ́n ti gun orí àga. Ojo kọ́ o. Àmọ́ ó ń sá fún abẹ́rẹ́, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni, torí orúkọ tí mo sọ ọ́. Tí wọ́n bá ní kó lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, á ní iṣẹ́ pọ̀. Á ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa mọ̀ pé ó ní àtọ̀gbẹ, egbò kan ti wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ tó kọ̀ tí kò jinná. Wọ́n gé ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ méjì. Orí bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀ ló ti sọ fún mi pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Kì í ṣe pé mi ò fẹ́ lọ. Tí mo bá ti rí abẹ́rẹ́ báyìí, òòyì ló máa ń gbé mi."

Ẹ gbọ́ gírámà rẹ̀. Kò sọ pé òun bẹ̀rù. Òòyì ló ń gbé, òun ni wọ́n ń gbé. Ọgọ́ta ọdún ni mo fi kọ́ èdè tí mo sì fi kọ́ àwọn ẹlòmíràn, mi ò gbọ́ gbólóhùn yẹn lẹ́nu àbúrò mi títí ó fi pàdánù ìka méjì.

Ara rẹ̀ kò purọ́ rárá. Nínú ẹ̀rù tí a mọ̀, ọkàn á máa sáré, ẹ̀jẹ̀ á máa ru sókè, èèyàn á lè sá tàbí kó jà. Nínú fòbíà ẹ̀jẹ̀ àti abẹ́rẹ́, ó lè kọ́kọ́ ru sókè, àmọ́ lẹ́yìn náà á já wálẹ̀ lójijì. Ọkàn á dẹ̀rọ̀, ẹ̀jẹ̀ tó ń dé orí ò ní tó mọ́, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ní in á sì dákú. Nínú gbogbo fòbíà, èyí nìkan ló máa ń rí bẹ́ẹ̀. Ṣé ẹ rí i báyìí? Ẹni tó dákú ò ṣe ìpinnu kankan. Kéèyàn máa pariwo "ṣe ọkùnrin!" lé e lórí dà bíi kéèyàn máa pàṣẹ fún òùngbẹ.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ fún un rọrùn. Ní nǹkan bíi 1980 sí 1989, Lars-Göran Öst àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sweden ṣiṣẹ́ lórí ọ̀nà kan tó jẹ́ pé ńṣe ni ẹni náà máa mú ara rẹ̀ le. Kó tó di pé abẹ́rẹ́ wọlé, kó di ìkúùkù, kó fún apá, ikùn àti itan rẹ̀ le gan-an fún ìṣẹ́jú àáyá 10 sí 15, títí ojú rẹ̀ á fi móoru, kó wá dẹ̀ ẹ́ díẹ̀, kó tún ṣe é. Ìyẹn á gbé agbára ẹ̀jẹ̀ sókè, kò sì ní jẹ́ kó dákú. Apá tí wọ́n máa gún nìkan ni kó fi sílẹ̀ ní dídẹ̀. Ìmọ̀ràn tí gbogbo wa máa ń fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, "fara balẹ̀, dẹ ara rẹ," òdìkejì ohun tó nílò ni. Nọ́ọ̀sì kan ló kọ́ àbúrò mi, kò sì gbà ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Tó bá ń ṣe ẹnikẹ́ni nínú yín bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì ṣáájú, kó jẹ́ kí ẹ dùbúlẹ̀. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Bí a ṣe ń pe aláìsàn ní ojo, bẹ́ẹ̀ náà la tún ń pe òṣìkà ní aláìsàn. Nígbà tí wọ́n kọ lu àwọn àjèjì ní Gúúsù Áfíríkà lọ́dún 2008, 2015 àti 2019, xenophobia ni gbogbo ayé pè é. Ní 2008 nìkan, àwọn tó kú lé ní 60. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, ọkọ̀ òfuurufú Air Peace lọ kó àwọn ọmọ Nàìjíríà kan wálé láti Johannesburg. Mo ti gbọ́ tí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí "ìbẹ̀rù àjèjì." Ẹ dákun, ẹ rántí Phobos. Ẹni tí fòbíà ń dà láàmú, sísá ló ń sá. Àwọn tó gbé àdá, tí wọ́n ń fi iná sun ṣọ́ọ̀bù, wọn ò sá fún ẹnikẹ́ni. Àwọn àjèjì ló ń sá fún wọn. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀rù àìríṣẹ́ ṣe wà ní ìdí ọ̀rọ̀ náà, mi ò jiyàn. Àmọ́ ohun tó jáde sí gbangba, ìkórìíra àjèjì ni, ẹ jẹ́ ká fi orúkọ rẹ̀ pè é. Tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan bo ẹ̀rù àti ìkórìíra pọ̀, tiwọn nìyẹn. Kò di dandan kí a gbé e wọ èdè wa bẹ́ẹ̀.

Kí wá ni ká máa pe fòbíà? Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé "fòbíà," kó máa sọ ọ́, mi ò ní bá a jà. Àmọ́ tí ẹ bá ń fẹ́ èdè-ìperí, èyí tí mo mú wá ni "ẹ̀rù adìmọ́ni." Mo fi "ìbẹ̀rù" sílẹ̀, mo mú "ẹ̀rù." Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ "a-" sọ ẹ̀rù di olùṣe. "Dì mọ́" fi hàn pé kì í ṣe ti òjijì tó ń kọjá lọ, ó ti lẹ̀ mọ́ ni. "Ni" tó wà lẹ́yìn sì gbé èèyàn sí ipò àbọ̀, níbi tó wà lóòótọ́. Ẹ ó rí i pé kò sí ẹ̀bi nínú rẹ̀, kò sì sí "àìnídìí."

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní mo ń wá àwáwí fún àwọn èèyàn. Wọ́n á ní, "Prof, gbogbo ọmọ ìsinsìnyí ló máa ní òun ní ẹ̀rù adìmọ́ni ti iṣẹ́ ilé." Ó ṣeé ṣe. Ìdí nìyẹn tí mo fi ka àmì mẹ́ta sílẹ̀ lókè. Orúkọ tó péye ò fún ẹnikẹ́ni láyè láti jókòó sínú àìsàn. Ó ń fọ̀nà ìtọ́jú hàn án. Ìtọ́jú ọpọlọ kì í sì í ṣe àjèjì sílẹ̀ wa. Láti 1954 ni Dókítà Thomas Adéoyè Lambo ti bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Àrò, l'Abẹ́òkúta, tí àwọn aláìsàn fi ń gbé láàárín àwọn ará abúlé bí wọ́n ṣe ń gba ìtọ́jú. Tí ìtọ́jú bá ti pẹ́ nílẹ̀ wa tó báyìí, kò yẹ kí ọ̀rọ̀ tí a fi ń sọ ọ́ ṣì máa ṣe àwọn aláìsàn léṣe.

Àbúrò mi ń gún ìka ọwọ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀ láràárọ̀ báyìí láti wo ṣúgà tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Á fún itan rẹ̀ le ná, kó tó gún un. Mo ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí orúkọ yẹn. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ejò ọjọ́ yẹn ńkọ́?"

Ó dìgbà o.